Ẹni Tí Kò Ná Ọjà

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń ra nǹkan fún ilé-iṣẹ́ yìí
tí ń ṣe ẹ̀rọ ìfami ní Tampere,
láàárín adágún méjì tí òtútù máa ń sọ di ilẹ̀ títẹ́jú.
Mo ra bóòtù, mo ra nọ́ọ̀tì, mo ra gírísì,
títí kan bébà ìnùdí.
Ẹni tí kò ná ọjà ni yóò ná owó:
mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń ná an,
mo ń ná an lórí fóònù títí kọfí mi yóò fi tutù.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejì
Pinja, ọmọ tí mo lè bí, gbé ẹ̀rọ aronú wọlé.
Kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́ o, ó kàn tẹ bọ́tìnnì ni.
Ó ní, "Raili, ẹ jẹ́ kó ka àwọn ìwé ìsanwó yín."
Ẹgbàá mẹ́fà ìwé.
Ó fi òru kan ka ohun tí mo fi ìdajì ayé mi kọ.

Ilẹ̀ mọ́.
Ó ní bóòtù kan náà ni à ń rà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta,
orúkọ mẹ́ta, iye mẹ́ta,
bí ọmọ tí ìyá, bàbá àti ìyá àgbà sọ lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
Ọ̀kan, sẹ́ǹtì ogójì. Èkejì, mọ́kàndínlọ́gọ́ta.
Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.
Ó ní a san owó páálí kan lẹ́ẹ̀mejì
lọ́dún tí ọkọ mi kú.
Kò mọ̀ pé ọkọ mi kú. Ọjọ́ orí ìwé nìkan ló rí.
Ó ní rọ́bà ẹ̀dínwó tí mo fi yangàn níwájú ọ̀gá
ti wà ní àká láti ọdún mẹ́ta:
ohun tí a rà, tó ń rà.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.
Tiwa ti wọlé tipẹ́, ó ti sanra,
èmi gan-an ni mo ń bọ́ ọ.

Mi ò ní purọ́: ojú tì mí.
Lẹ́yìn náà inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ojú tún tì mí.
Ọ̀kẹ́ méjì yúrò kí oṣù Karùn-ún tó pé!
Ọ̀gá ra kéèkì fún gbogbo wa.

Ìgbà tí yìnyín adágún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́,
ẹ̀rọ dárúkọ Tauno Vesterinen:
ẹ yọ ọ́ kúrò, wáṣà rẹ̀ wọ́n jù.
Òótọ́ ni. Ó wọ́n.
Ṣùgbọ́n ìwé ìsanwó kò ní ibi tí a ń kọ òru sí,
òru tí ẹ̀rọ ńlá wa dúró gbọnrangandan nítorí wáṣà mẹ́fà,
tí Tauno wakọ̀ láti Ruovesi nínú yìnyín tó dé orúnkún,
tó kó wáṣà sínú ìgò jáàmù ìyàwó rẹ̀,
tí kò gba sẹ́ǹtì kan lé e.
Ó kàn ní kí n fún òun ní kọfí.

Mo sọ fún Pinja. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó fi àyè funfun kékeré kan hàn mí nísàlẹ̀:
"Ẹ kọ ọ́ síbí. Ohun tí ẹ ò bá wí, kò lè mọ̀."
Ẹnu la fi ń kọ mi ò jẹ.
Mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́: ọjọ́, aago, òtútù,
iye tí à bá pàdánù ká ní iṣẹ́ dúró di ọ̀sán.
Mo kọ ìgò jáàmù náà pẹ̀lú. Mi ò mọ ìdí.

Ó ronú. Ṣé ìrònú ni? Nǹkan róbótó kan ń yí lójú rẹ̀.
Ó ní: Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ná an díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo pè é. "Tauno, iye wáṣà yìí ga."
Ó dákẹ́, bí àwọn ará ibí ṣe ń dákẹ́,
tí ìdákẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìnájà.
"Màá yọ sẹ́ǹtì méjì."
Kọfí mi kò tíì tutù.